Festival Express: Ta ló sanwó fàájì inú ọkọ̀ ojú irin?

Látìgbà tí Garth Hudson ti kú ní oṣù kìíní ọdún 2025, kò sí ẹnì kankan láyé mọ́ nínú àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ olórin The Band. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn nígbà tí ara wọn ṣì le, kó wá fíìmù Festival Express wò. Kì í ṣe eré àròsọ o. Kámẹ́rà ló tẹ̀lé àwọn olórin rọ́ọ̀kì tó jọ wọ ọkọ̀ ojú irin kan ní Kánádà lọ́dún 1970, láti Toronto lọ sí Winnipeg, títí dé Calgary.

Janis Joplin wà níbẹ̀, Grateful Dead wà níbẹ̀, Buddy Guy náà ò gbẹ́yìn. Eré orí pèpéle dùn, àmọ́ inú ọkọ̀ gan-an ni fàájì wà. Wọn ò ráyè sùn. Bí ẹnì kan bá ti gbé jìtá, àwọn yòókù á bá a gbe orin. Nígbà tí ọtí tán, wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní Saskatoon, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì lọ kó ọtí ṣọ́ọ̀bù kan wá sínú ọkọ̀.

Ìta ni wàhálà wà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Toronto ní ọ̀fẹ́ ló yẹ kí orin jẹ́, pé ìrẹ́jẹ ni tíkẹ́ẹ̀tì nǹkan bíi dọ́là 14. Wọ́n fẹ́ já wọlé tipátipá, ni àwọn àti ọlọ́pàá bá wọ̀yá ìjà. Jerry Garcia ti Grateful Dead ló pẹ̀tù sí wọn nínú, wọ́n sì ṣeré ọ̀fẹ́ fún wọn nínú ọgbà ìtura kan nítòsí. Ọgbọ́n nìyẹn, ṣùgbọ́n kò wúlò fún àpò Ken Walker, tó wà lára àwọn tó ṣètò eré náà. Èrò ò wá tó bí wọ́n ṣe rò, owó sì wọgbó. Síbẹ̀, Walker ò dá ọkọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ owó yìí náà ló dá fíìmù ọ̀hún dúró. Àwọn kan lára ohun tí wọ́n yà wà nínú gáréèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, òmíràn wà nílé ìpamọ́ ìjọba Kánádà, kó tó di pé Bob Smeaton ṣe é jáde lọ́dún 2003. Joplin ò rí i. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìrìn àjò náà ló kú, ọmọ ọdún 27. Àti ẹni tó sanwó, àti ẹni tó ń pariwo ọ̀fẹ́ lẹ́nu géètì, ọdún 33 ni gbogbo wọn fi dúró kí wọ́n tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ náà.