Owó Epo Ọ̀kadà Oníròyìn

Ní Kalifọ́níà, l'Amẹ́ríkà, ilé-ìkàwé ìjọba ìpínlẹ̀ ti fún àwọn ìwé ìròyìn àti rédíò àwọn ẹ̀yà kéékèèké lówó, kí wọ́n fi gbógun ti ìwà ọ̀daràn tí ìkórìíra ẹ̀yà ń fà. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀ níbí?

Ẹ má sọ pé kò kàn wá. Lóṣù Kejì ọdún 2021, ìjà Yorùbá àti Hausa lọ́jà Ṣáṣá, n'Ìbàdàn, gba ẹ̀mí, ó sì jó ṣọ́ọ̀bù. Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, wà l'Ọ̀yọ́, ó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, fóònù tí àhesọ ń gbà tàn sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ló yẹ kó tètè lóye ewu ìkórìíra àlejò: nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé kúrò ní Gánà lóṣù Kọkànlá ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn tó ń ṣòwò níbẹ̀ ló di ẹrù wálé. Àwọn àgbà kan ṣì ń ròyìn ẹ̀.

Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀. Bí àhesọ bá dé, kí rédíò wa rí owó epo ọ̀kadà tí oníròyìn yóò fi débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sì rẹ́ni tó gbọ́ Hausa tàbí Fúlàní bá a lọ. (Nígbà mìíràn, owó àpò ara oníròyìn náà ló fi ń wọkọ̀!)

Àmọ́ kí owó náà má gba ọ́fíìsì gómìnà kọjá. Ẹnu tó bá jẹ níbẹ̀ kì í sábà lè bá gómìnà wí. Ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn àti àwọn àgbà Sábó jọ wà nínú ẹ̀ ni kó máa pín in.