Kí Ọmọ-Iṣẹ́ Mọ Inú Ẹ̀rọ

Ẹni tí ó bá ń kọjá ní Ìwó Road ní Ìbàdàn kò lè ṣàìrí àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún ẹ̀rọ iná ṣe, tí wọ́n mú irin gbígbóná àti òjé lọ́wọ́. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ wá lóminú: púpọ̀ nínú wọn mọ bí a ti ń pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, wọn kò mọ ohun tí pánẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ínfátà ṣe àpẹẹrẹ. Bátìrì olójé tí ó jẹ́ fóltì 12 kò yẹ kí a lò kọjá 10.5; bí a bá kọjá bẹ́ẹ̀, yóò kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kọ̀ǹpárétọ̀ ni a fi ń ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dàbí ti òṣùwọ̀n ọjà: ìwọ̀n tí kì í yẹ̀ wà ní apá kan, iná bátìrì wà ní apá kejì, ó sì ń sọ èyí tí ó ju èkejì lọ.

Tiransísítọ̀ méjì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. A so emitter àwọn méjèèjì pọ̀ sórí rẹ̀sísítọ̀ kan, kí wọ́n lè máa du iná kan náà. Base èkínní gba fóltì tí Zener dì mú ṣinṣin. Base èkejì gba ìpín kan nínú fóltì bátìrì. Èyí tí base rẹ̀ ga jù ni iná yóò gbà kọjá. Ìyàtọ̀ 0.1 fóltì péré ti tó láti gba iná náà mọ́ èkejì lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Níhìn-ín ni òye ti ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀. Bí a bá já iná kúrò lórí bátìrì, fóltì rẹ̀ a tún gòkè. Ẹ̀rọ a tàn, fóltì a wálẹ̀, ẹ̀rọ a tún kú, rílé a sì máa ró kẹ́kẹ́kẹ́ títí yóò fi bàjẹ́. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò ní kí onígbàjámọ̀ ra rílé mìíràn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi rẹ̀sísítọ̀ kan dá díẹ̀ nínú àbájáde padà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ̀rọ tí ó kú ní 10.5 má tún tàn títí bátìrì yóò fi gbà iná dáadáa.

Àwọn kan yóò wí pé LM339 wà lọ́jà, tí ó kó kọ̀ǹpárétọ̀ mẹ́rin sínú ike kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tiransísítọ̀ ni ó kún inú ike náà. Olùkọ́ wo ni yóò fi ẹ̀rọ ìṣirò lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó tó kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀? Láti 1947 tí wọ́n ti ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé.

Èrò wa ni pé kí àwọn ọ̀gá má ṣe fún ọmọ-iṣẹ́ kankan ní ìwé òmìnira títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpárétọ̀ kan, tí yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ lójú wọn. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà rán olùkọ́ sí wọn ní ìrọ̀lẹ́. Owó aráàlú tí ń ṣòfò lórí bátìrì tó fún wa láti má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí dọ̀la.