Ilé Ìtọ́jú Ọmọ Òrukàn

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ọmọ tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá yóò kó ròde? Ohun tí ilé ìtọ́jú bá fún un ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ti ní oúnjẹ, ibùsùn àti òrùlé tí kò jò, ó parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Románíà. Nígbà tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní 1989, ayé rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ nínú àwọn ilé ìtọ́jú ńláńlá ibẹ̀. Òbí ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ wà láàyè. Ẹni tí ó fún ọmọ lóúnjẹ láàárọ̀ kọ́ ni yóò tẹ́ ẹ sùn lálẹ́. Ọmọ mìíràn kì í sunkún mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Láti nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Amẹ́ríkà yan ọmọ 136 ní ìlú Bucharest. Wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n sì fi ìdajì wọn sí ọwọ́ àwọn alágbàtọ́ nínú ilé tiwọn. Nígbà tí ó yá, àwọn wọ̀nyí mọ bí a ti í fi ọkàn tán ènìyàn ju àwọn tí ó kù lọ, pàápàá àwọn tí ó kúrò kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ‘Ṣé kí a ti gbogbo ilé ìtọ́jú pa ni?’ Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò rí alágbàtọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ilé ìtọ́jú di ilé ní tòótọ́. Ní 1949, Hermann Gmeiner dá abúlé kan sílẹ̀ ní Imst, ní ilẹ̀ Austria, níbi tí ọmọ díẹ̀ ti ń gbé ilé kan pọ̀ bí ọmọ ìyá, tí obìnrin kan náà sì ń ṣe ìyá wọn. Irú rẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀, ní Èkó. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í kí àgbà, bí a ti í pín nǹkan fún àbúrò, bí a ti í jà tí a sì í parí ìjà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ipa tiyín wà níbẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó tì yín ní kíláàsì, ẹ má ṣe pè é ní ọmọ òrukàn. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ máa pè é.