Ọdún Kan Lókèèrè Fún Ọmọ Tó Ń Kọ́ Ìmọ̀ Ìràwọ̀: Fàájì Ni Àbí Ẹ̀kọ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, nílùú London, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Bọ̀ọ̀dá oníròyìn, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi tó ń ka físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì ní òun máa lo ọdún kẹta ní Spain. Ṣé ìwé ló fẹ́ lọ kà ni àbí fàájì?"

Èsì mi rèé, fún un àti fún gbogbo òbí tọ́rọ̀ kàn.

Ní 1967, Britain ṣí tẹlisíkóòpù ńlá kan, awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ní Herstmonceux ní Sussex. Isaac Newton ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ ìkùukùu ò jẹ́ kó ríran bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n gbé e lọ sórí òkè ní La Palma, erékùṣù Spain kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1984. Tí awò fúnra rẹ̀ bá ní láti kúrò nílé kó tó ríran, kí la fẹ́ sọ nípa ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà? Lóòótọ́, kíláàsì àti láàbù ni ọ̀pọ̀ wọn máa jókòó sí, kì í ṣe ìdí awò. Síbẹ̀, iṣẹ́ àjọṣe orílẹ̀-èdè púpọ̀ niṣẹ́ yìí.

Owó ńkọ́? Ní England, ọmọ tó ń san owó ọmọ ìlú, tó lo odindi ọdún ẹ̀kọ́ lókèèrè, kò ní san ju ìdá 15 nínú 100 lọ: £1,430 péré nínú £9,535 ti 2025/26. Ilé àti oúnjẹ ló kù. Turing Scheme, tó rọ́pò Erasmus+ ní 2021, ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2025, ìjọba kéde pé Britain yóò padà sínú Erasmus+ ní 2027. Ọmọ tó ń wọlé báyìí lè jẹ àǹfààní tó bọ́ mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìwé ìgbélùú. Ọmọ tó ṣì ń ka ọdún mẹ́wàá kó tó gba ìwé gbére, òfin ò fẹ́ kó kúrò ní Britain ju 180 ọjọ́ lọ láàárín oṣù 12. Ọdún kan péré lè ba ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Ẹ tètè rí lọ́yà kí ọmọ tó fọwọ́ síwèé.

Obìnrin náà ní pásípọ́ọ̀tù Britain lọmọ òun ní. Mo ní, "Àǹtí mi, kó yáa tètè wá físà Spain o, torí látìgbà Brexit, 90 ọjọ́ péré ni pásípọ́ọ̀tù yẹn lè dá gbé e dúró níbẹ̀. Tó bá ti rí i gbà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, ló máa ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun."