Ẹ̀yin Ará Èkó, Ẹsẹ̀ Yín Ni Mo Wá Yá

Ẹ̀yin ará, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wà nínú dánfó, kó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò ọlọ́yẹ́, ẹ páàkì rẹ̀ sí Marínà. N ò wá tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ yín ni mo wá yá.

Mo fẹ́ ká jọ fẹsẹ̀ rin Pópò Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì àti Kúbà padà wá sí Èkó, kó tó di pé orúkọ nìkan ló kù níbẹ̀.

Ẹ rántí Ìlojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúubú láyé 1855. Láti 1956 ló ti wà nínú ìwé ìjọba pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọ̀la ni Iléyá. Oníkálukú ń dúnàá-dúrà àgbò, ń wá ata, ń wá àlùbọ́sà. Kátápílà wọlé. Ilé tó lé ní àádọ́jọ ọdún di òkìtì bíríkì kí a tó pa àgbò.

Ìwé kò gbà á sílẹ̀. Òfin kò gbà á sílẹ̀. Àwa náà kò gbà á sílẹ̀, torí pé a kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, níbi tí èrò bá pé sí, kátápílà a máa tijú. Ìdí tí mo fi ní ká rìn nìyẹn. Ẹ wá rìn ín! Ẹ mú ọmọ dání, ẹ wá rìn ín! Ẹ mú ìyá àgbà dání, bó bá lè rìn, ẹ wá rìn ín!

Ẹ jẹ́ n júwe ọ̀nà fún yín. Ẹ kúrò ní Tinúubú, ẹ gba Kákáwá, kí ẹ dúró níwájú Ilé Omi. Ọmọdé ni João Esan da Rocha nígbà tí wọ́n tà á lẹ́rú, tí wọ́n gbé e sọdá òkun lọ sí Bàhíà ní Bùràsíìlì. Ó dàgbà níbẹ̀, ó gba òmìnira, ó kó ìyàwó àti ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi padà wá sí Èkó. Ó kọ́ ilé yìí, ó gbẹ́ kànga sínú rẹ̀, ó ń ta omi fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Ẹni tí wọ́n fi owó rà, omi ló fi di olówó! Candido ọmọ rẹ̀ wá lówó débi pé orúkọ rẹ̀ di òwe lẹ́nu ará Èkó. Ẹ wo fèrèsé yẹn, ẹ wo ọnà ara ògiri. (Kí ẹ kọ́kọ́ kí onílé o. Ilé ẹbí ni, a kì í já wọ ilé onílé torí pé a fẹ́ ya fọ́tò.)

Kì í ṣe da Rocha nìkan ló padà wálé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ táwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, dì ní Bàhíà ní 1835, wọ́n lé àwọn kan kúrò ní ìlú náà. Àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ ra ara wọn padà, wọ́n sanwó ọkọ̀ wálé. Àwọn kan ti Kúbà dé: Hilario Campos ni Gbàgede Campos ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Bírikìlà ni wọ́n, gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n. Àwọn náà ló mú fúrẹ́jọ̀n wá, ẹ̀wà àti omi àgbọn tí à ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Tèmi kì í ní ṣúgà, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jà.

Ẹ má tíì jókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ yà sí Òpópónà Martins. Láàárín àwọn tó ń ná ọjà, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí Mọ́sáláṣí Shitta-Bey. Mohammed Shitta ló náwó lé e, João Baptista da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀ lónìí. Ilé tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ kì í rọrùn láti wó.

Iṣẹ́ wá kàn yín wàyí.

Ẹ̀yin ọmọ onílé, ẹ̀yin da Silva, ẹ̀yin Pereira, ẹ̀yin Cardoso, ẹ̀yin Salvador: ẹ má dá nìkan tọwọ́ bọ̀wé. Ìjà ẹbí ló ń ta ilé ju òjò lọ. Ẹ pe ìpàdé kí olùrà tó pè yín. Bí òrùlé bá ń jò, ẹ dáwó jọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra páànù, ẹ kan án. Páànù mẹ́wàá lónìí sàn ju ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀yin bírikìlà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi òòlù gé òdòdó ara ògiri dànù nítorí àti lẹ táìlì. Ẹ wá àgbà oníṣẹ́ tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mọ ọ́n, ẹ bá a jókòó, kí ẹ kọ́ iṣẹ́ náà kó tó bá a lọ.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin tí àtẹ yín wà níwájú àwọn ilé yìí láti òwúrọ̀ dalẹ́, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí páànù tí àwọn tó fẹ́ wó ilé fi yí i ká lóru. Ẹ pariwo. Ẹ pe àwọn ọmọ yín. Ẹ ya fídíò. Ẹ pariwo sí i.

Ẹ̀yin tìṣà, ẹ kó kíláàsì yín jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló kọ́ ilé yìí, ta ni wọ́n bí síbẹ̀, orin wo lẹ fi ń jó nínú àjọ̀dún Fáńtì níwájú rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Bàhíà, ẹ fi fọ́tò àtijọ́ tó wà nínú àpótí ránṣẹ́ sílé.

Ẹ má dúró de ẹni tó máa ṣáájú. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilé kan ṣoṣo, òun ni ká tẹ̀ lé títí a ó fi dé ilé náà. Bí a bá kọjá a, kí ẹlòmíràn gbà á.

Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí kò ní bó yín lẹ́sẹ̀, ẹ mú omi dání. Ibi tí Ìlojo Bar wà tẹ́lẹ̀ la ti máa pàdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, kó dúró síbẹ̀ gan-an, kó na ọwọ́ sókè ká lè rí i.