Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ìtàn Agbọ́n Tó Gba Ẹ̀gẹ́ Sílẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó nínú ẹbí, tí ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù bá tú u, àgbà tó wà níjokòó á mi orí, á ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọdé ni òwe yìí ń yìn. Bẹ́ẹ̀, ìlú gan-an ló ń sọ̀rọ̀ bá: Ifẹ̀ kì bá tí dúró ká ní ọgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó, bó ti wù kí onítọ̀hún dàgbà tó.

Lọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè lónìí, pínpín ìmọ̀ àti gbígbé ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń sọ ọ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé ilẹ̀ olówó ti jẹ oyè àgbà títí láé, tí Áfíríkà yóò sì máa tẹ́wọ́ gbà. Ìtàn ẹ̀gẹ́ kò bá èrò yẹn mu rárá.

Àlejò ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún 16, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún kò sì bá a wá. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò kan tí ẹbu funfun bò lára yọjú ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville. Abo ni gbogbo wọn, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó bímọ. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti tàn dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ewé ẹ̀gẹ́ ń ká kò, igi rẹ̀ ń ràn, níbòmíràn ìdá 80 nínú 100 irè oko sì ṣòfò.

Ní 1979, Hans Herren, ọmọ Switzerland tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò, dé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn. Oògùn fífín kò ní ran àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, nítorí owó oògùn lè ju owó gàrí rẹ̀ lọ. Èrò tó wà nílẹ̀ ni pé ibi tí kòkòrò náà ti wá, ohun tó ń pa á jẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wá kòkòrò náà títí ní ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti wá. Ìbátan rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ọ̀tá ìbátan yìí kò sì rí ti kòkòrò tó wà ní Áfíríkà ṣe. Ní 1981 ni Anthony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay. Agbọ́n tíńtín kan tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà wà níbẹ̀. Ọmọ agbọ́n á jẹ kòkòrò náà tán láti inú.

Wọ́n kó agbọ́n náà gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà gbé àjálù mìíràn wọlé. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ta ni àgbà níbẹ̀, ta sì ni ọmọdé? Paraguay ló ni agbọ́n, ojú tó rí i ti Kòlóńbíà wá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ ẹ́ wò, Ìbàdàn sì ni wọ́n ti sìn ín títí ó fi pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tú u sóko, tí a sì ń ṣọ́ ọ. Agbọ́n náà fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, àgbẹ̀ kò sì san kọ́bọ̀. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Irú rẹ̀ kì í bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní 2006, àwọn ọlọ́lá ní Amẹ́ríkà kó owó ńlá lé PlayPump, ẹ̀rọ omi tí ọmọdé yóò máa fi ṣeré yípo kí omi lè máa gòkè. Nígbà tó dé abúlé ní Mozambique, àwọn obìnrin ló ń fọwọ́ tì í yípo nígbà tí ọmọdé kò bá sí nítòsí, èyí tó bà jẹ́ sì ń pẹ́ kó tó rí alátùn-únṣe. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ètò náà fi forí ṣánpọ́n. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀rọ náà o, àmọ́ ọgbọ́n ẹni tó ń pọn omi lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀.

Ti ẹ̀gẹ́ kò parí sí Áfíríkà. IITA dá ibùdó tó ń fi ẹ̀dá bá kòkòrò jà sílẹ̀ lẹ́bàá Kútọnu ní 1988, wọn kò sì jẹ́ kí ìmọ̀ náà kú. Nígbà tí kòkòrò kan náà wọ Táílàńdì ní 2008, tí ó ń ba oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó ń ta ẹ̀gẹ́ sókè òkun jù láyé, Kútọnu ni wọ́n kọjú sí. Ní 2009, agbọ́n gbéra láti Benin lọ sí Éṣíà, wọ́n sì tú u sóko níbẹ̀. Àwọn ará Táílàńdì náà kò fi mọ sọ́dọ̀ ara wọn: láàárín ọdún mélòó kan, àwọn aládùúgbò wọn ní Laos, Cambodia àti Vietnam ti ń tú agbọ́n náà sínú oko tiwọn.