Ohùn Ẹnu Ni Kó Ṣáájú Àmì Orin

Kò sí àní-àní pé kí ọmọ Yorùbá tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ orin kì í lo ìmọ̀ yìí. Olùkọ́ yóò fa ìlà márùn-ún sójú pátákó, yóò to àmì orin sí i, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dà á kọ. Lẹ́yìn ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ lè dárúkọ àmì gbogbo, síbẹ̀ kò lè fi ohùn gbé ẹyọ kan jáde.

Inú èdè ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ orin ti bẹ̀rẹ̀. Dò, re, mí ni olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ni ní ohùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pe igba (re re), igbá (re mí), ìgbà (dò dò) àti ìgbá (dò mí). Kí wọ́n kùn wọ́n láìlanu. Kí wọ́n fi gángan sọ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó kọ wọ́n sílẹ̀. Kí olùkọ́ là á yé wọn pé ohùn ọ̀rọ̀ kò dúró sójú kan bí ohùn orin. Àtẹ̀gùn ni ó jẹ́.

Báyìí ni àwọn ọmọ Àyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́. Wọn a máa tẹ́tí, wọn a máa fara wé àgbà, wọn a sì lu gúdúgúdú tàbí omele kí wọ́n tó dé ìdí ìyáàlù. Zoltán Kodály (1882-1967), ọmọ ilẹ̀ Hungary, náà gbà pé orin ìbílẹ̀ ní èdè abínibí ni kí ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀.

Ewu ń bẹ nínú àìka èyí sí. Nígbà tí wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ yí padà, ìtumọ̀ sì dàrú. Ìbáṣepọ̀ ọ̀rọ̀ àti orin yìí ni Ekundayo Phillips, atẹdùùrù ìjọ ní Èkó, gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n yóò tún àṣìṣe náà ṣe nínú orin tí ó bá fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ.

Lóòótọ́, kíka àmì orin ṣe pàtàkì; òun ni ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ orin tí kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn etí àti ẹnu ni àyè rẹ̀ wà. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka orin jọ máa kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, kí ìdánwò orin sì máa gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó wo ìwé rẹ̀.